Nọ́ńbà mẹ́tàlá nínú àpótí iye: bí a ṣe yan ọ̀nà tí a ó gbà tún áàpù iléeṣẹ́ wa kọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Áàpù méjì ni iléeṣẹ́ wa ní. Àwọn oníbàárà ló ń lo ọ̀kan: wọ́n ń fi í béèrè ọjà, wọ́n ń fi í wo ibi tí ẹrù wọn dé, ó sì máa ń ta wọ́n lólobó lórí fóònù bí ẹrù bá ti gbéra. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ló ń lo èkejì: wọ́n á síkáànì barcode ara páálí, wọ́n á tẹ iye tó wà níbẹ̀, bí èyí tó fọ́ bá wà, wọ́n á ya á ní fọ́tò. Cordova la fi kọ méjèèjì láyé ọjọ́sí, ìyẹn ni pé ojúewé wẹ́ẹ̀bù la wé sínú áàpù. Ó sìn wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò ní bú u.

Ohun tó jí wa lójú oorun ni òfin target API ti Google Play, ilé ìtajà áàpù Android: ó ń sọ ìpele Android tí áàpù gbọ́dọ̀ bá mu. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé ìpele yẹn sókè, áàpù tí kò bá sì bá a gòkè, wọn ò ní gba àtúnṣe rẹ̀ wọlé mọ́. A gbé tiwa sókè, kámẹ́rà kú. Plugin tí kámẹ́rà gbára lé, ìyẹn kóòdù kékeré tó so ojúewé wẹ́ẹ̀bù mọ́ kámẹ́rà fóònù, ẹni tó kọ ọ́ ti pa á tì tipẹ́. A lè tún un ṣe fúnra wa, àmọ́ plugin mẹ́ta mìíràn ló tò tẹ̀lé e tí ọjọ́ tiwọn náà ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa sọ pé: "Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ wá ọ̀nà kan tí ẹ ó fi kọ méjèèjì, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Ọ̀nà kan. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó rí i pé inú ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni ìṣòro wà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Ẹni mẹ́rin ni wá. Àwọn méjì ń kọ wẹ́ẹ̀bù, TypeScript àti React, irinṣẹ́ ìkọ wẹ́ẹ̀bù, ló wà lọ́wọ́ wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Àbúrò wa kan mọ Kotlin dunjú. Èmi ni mò ń bójú tó server, kọ̀ǹpútà tí áàpù ń fi dátà ránṣẹ́ sí, èmi náà ni fóònù máa ń dún sí lóru bí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ Swift nínú wa.

A kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ sórí pátákó. Ìkínní, kí á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: Swift fún iPhone, Kotlin fún Android. Ìkejì, React Native tí Facebook gbé síta ní 2015: JavaScript lò ń kọ, àmọ́ bọ́tìnì àti àpótí gidi ti fóònù náà ló máa jáde. Ìkẹta, Flutter ti Google, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá 2018. Dart lèdè tirẹ̀, kò sì yá bọ́tìnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí. Lẹ́yìn náà Kotlin Multiplatform, tí wọ́n kéde ní oṣù Kọkànlá 2023 pé ó ti dúró dáadáa, tó jẹ́ kí o kọ ọpọlọ áàpù lẹ́ẹ̀kan kí iPhone àti Android máa pín in lò. Ó ku PWA, ìyẹn ojúewé wẹ́ẹ̀bù tó ń ṣe bí áàpù, tí kò nílò ilé ìtajà áàpù rárá, àti Capacitor, tó jẹ́ ọmọ ìyá Cordova àmọ́ tí ara rẹ̀ ṣì le. .NET MAUI ti Microsoft kò pẹ́ lórí pátákó, nítorí a ò ní ẹni tó ń kọ C#, èdè tirẹ̀.

Mo kọ ọjọ́ méjì sí igun pátákó náà kí ojú wa má baà kúrò níbẹ̀: 2020, ọdún tí Adobe pa PhoneGap, ọmọ ìyá Cordova, tì, àti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2024, ọjọ́ tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Xamarin, èyí tó ṣáájú .NET MAUI, dúró. Kì í ṣe pé irinṣẹ́ wọ̀nyẹn burú. Ẹni tó ni wọ́n ló ṣí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan irinṣẹ́, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹ́kù fún yín lọ́wọ́ bí ẹni tó ni ín bá kó ẹrù rẹ̀. Apple tó ni iPhone ló ni Swift; JetBrains ló ń kọ Kotlin, àmọ́ Google tó ni Android dúró tì í. Nínú àwọn tó kù, ẹnìkan dúró sáàárín.

Ẹnì kan nínú àwọn oníwẹ́ẹ̀bù rántí Airbnb, iléeṣẹ́ tó ń bá ènìyàn wá ilé háyà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ React Native ní 2016, wọ́n sì kéde ní 2018 pé àwọn ti ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó dùn mí nínú àlàyé wọn ni pé wọn ò bọ́ lọ́wọ́ títọ́jú nǹkan méjì; ṣe ló di mẹ́ta, iOS, Android àti React Native fúnra rẹ̀. Mo ní kí a kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

PWA kò lò ju ọjọ́ kan lọ. Ìkìlọ̀ orí fóònù ni ẹ̀mí áàpù oníbàárà, iPhone kò sì fún wẹ́ẹ̀bù láyè ìkìlọ̀ rárá àfi láti iOS 16.4, ní oṣù Kẹta 2023. Pẹ̀lú rẹ̀ náà, àfi kí oníbàárà kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ojúewé náà sí ojú àkọ́kọ́ fóònù rẹ̀. Ta ló máa kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ìyẹn? Capacitor pẹ́ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀ fún wa. Àmọ́ Apple ní òfin kan, nọ́ńbà 4.2, tó ní áàpù gbọ́dọ̀ ju ojúewé wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n wé lọ, áàpù oníbàárà wa sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Mi ò fẹ́ máa fọkàn há nígbàkígbà tí a bá gbé àtúnṣe síta.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ìdánwò

A ṣòfin kan: kò sẹ́ni tó máa kọ áàpù ìṣeré. Ojú ibi tó le jù nínú áàpù ilé ìkẹ́rùsí ni kí kálukú kọ, ọjọ́ mẹ́ta péré, pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀. Àkójọ ọjà 3,000, àwárí lórí rẹ̀, fọ́ọ̀mù kan tó ní fọ́tò nínú, kí gbogbo rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù tí a ó fi wò ó ni èyí tó ti gbó jù ní ọ́fíìsì, tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 2 GB lọ.

Èmi ni mo mú Flutter, mo sì dá a lẹ́jọ́ ẹ̀bi láìṣẹ̀. Mo yí àkójọ náà lórí fóònù, ó ń dúró, ó ń fò. Mo ti kọ "kò yára" sínú ìwé. Ọjọ́ kejì ni mo rántí pé debug ni mo ń lò. Ní debug, Dart ń túmọ̀ kóòdù bó ṣe ń lọ, kí o lè yí nǹkan padà kí o sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ní release ni wọ́n máa ń sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ pátápátá ṣáájú. Mo kọ́ release, àkójọ kan náà ń yọ̀ bí ẹja nínú omi. Fóònù tó ń ṣe fíréèmù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò fún ọ ju mílísẹ́kọ́ńdì 16 àti díẹ̀ lọ láti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, agbára káká ni debug fi ń wọ inú ìyẹn. Mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ.

React Native ní ìṣòro tirẹ̀. Bí a bá fi ìka ta àkójọ náà dànù kíákíá, funfun ló ń wá sójú, ọjà á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá farahàn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. FlatList tó bá a wá ló fa ìyẹn. A fi FlashList rọ́pò rẹ̀, èyí tó máa ń tún àpótí tó ti kọjá lò dípò kó máa kọ́ tuntun, funfun náà sì dín kù débi pé ojú mi ni mo fi ń wá a.

Kotlin kò fún wa ní wàhálà kankan lórí àkójọ. Àbúrò wa parí ní ọjọ́ kejì, ó sì jókòó ó ń wò wá.

Àwárí ló wá fún gbogbo wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Orúkọ ọjà wà tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ lẹ́tà. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà: ẹ ní tirẹ̀, àmì orí rẹ̀ ní tirẹ̀, bọ́tìnì ìtẹ̀wé kan sì lè pín in sí mẹ́ta. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. O tẹ orúkọ, ó ní kò sí, ó sì wà níwájú rẹ. Àfi kí á sọ méjèèjì di ìrísí kan náà kí á tó fi wọ́n wéra. JavaScript ní normalize nínú ara rẹ̀, Kotlin ń rí Normalizer lò láti ara Java, Dart ní tirẹ̀ nílò package láti ìta. Ìyàtọ̀ kékeré ni, mi ò fi gbé ẹnikẹ́ni lé ẹnikẹ́ni lórí.

Kámẹ́rà tó ń gbé fọ́ọ̀mù mì

Ẹjọ́ tó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa nìyí. Òṣìṣẹ́ á kún fọ́ọ̀mù dé ìdajì, á tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà, á ya fọ́tò, á padà, fọ́ọ̀mù á ti ṣófo. Kì í ṣẹlẹ̀ lórí fóònù tiwa ní ọ́fíìsì, nítorí náà "ẹ tún un gbìyànjú" la máa ń fún wọn lésì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lórí fóònù 2 GB yẹn, a fojú ara wa rí i. Kámẹ́rà jẹ́ áàpù mìíràn. Bó bá ti ṣí, tiwa á bọ́ sẹ́yìn. Kámẹ́rà ń jẹ mẹ́mọ́rì púpọ̀, Android á wá ibi tí yóò ti rí àyè, á sì pa áàpù tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí fọ́tò bá dé, Android á jí áàpù wa dìde lọ́tun, àmọ́ ohunkóhun tó wà nínú mẹ́mọ́rì nìkan ti bá ikú lọ. Tí o bá fẹ́ rí i lórí fóònù tó lágbára, ṣí kámẹ́rà láti inú áàpù rẹ, lọ sórí kọ̀ǹpútà, tẹ `adb shell am kill` pẹ̀lú orúkọ package rẹ, kí o wá padà ya fọ́tò náà.

A ṣe é fún gbogbo wọn. Cordova ṣubú. React Native ṣubú. Flutter ṣubú. A kọjú sí àbúrò wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, a ṣe tirẹ̀, òun náà ṣubú. Inú ViewModel, ibi tí áàpù Android ń kó dátà ojú rẹ̀ sí nínú mẹ́mọ́rì, nìkan ló kó fọ́ọ̀mù sí. ViewModel kì í kú bí fóònù bá yí dùbúlẹ̀, àmọ́ bí Android bá pa gbogbo áàpù, tòun tirẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ní èdè. Gbogbo ìgbà tí àpótí kan bá yí padà, kọ ọ́ sínú SQLite, database kékeré tó wà lórí fóònù. Bí áàpù bá jí, kó kọ́kọ́ wo ibẹ̀. A ṣe é fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yege. Gbogbo ọdún tí a fi ń ṣépè fún Cordova, àwa gan-an la jẹ̀bi. Bí a bá ti lọ yan ọ̀nà tuntun láìṣe ìdánwò yìí, ọwọ́ ara wa la ó fi gbé àìsàn náà kọjá sínú ilé tuntun.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ilé ìkẹ́rùsí

Títí di àsìkò yìí, ọ́fíìsì la jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ló ránṣẹ́ pé kí a wá wo ohun tí ojú wọn ń rí, kí a tó parí àríyànjiyàn wa. Èmi àti àbúrò wa la lọ.

Mo béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni mélòó ló ń fi iPhone ṣiṣẹ́ níbí?"

Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé. "iPhone báwo?"

Ẹ̀rọ síkáànì ni gbogbo wọn ń lò, èyí tó rí bíi fóònù tó sanra, tí iná pupa wà lórí rẹ̀. Android ni gbogbo rẹ̀. Iléeṣẹ́ ló rà á, kò sẹ́ni tó ń mú tirẹ̀ wá láti ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la ti fi ń jà lórí bí áàpù yìí yóò ṣe rí lórí iPhone.

Kò parí síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń kà páálí lójú wa. Ó síkáànì, ó tẹ iye, ó síkáànì òmíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, kọsọ (àmì tó ń fi ibi tí ìtẹ̀wé yóò wọ̀ hàn) ṣì wà nínú àpótí iye nígbà tó fa ìfàbọn ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣe wà láti ilé iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń ṣe bíi bọ́tìnì ìtẹ̀wé: iná ka barcode, ẹ̀rọ náà sì tẹ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sí ibikíbi tí kọsọ bá wà. EAN-13, irú barcode tó wà lára ọjà, ní nọ́ńbà mẹ́tàlá. Páálí yẹn di páálí tí ọjà tó lé ní tírílíọ̀nù mélòó kan wà nínú rẹ̀, ọmọkùnrin náà sì tẹ "fi ránṣẹ́" láìwo ojú rẹ̀ mọ́.

Ara mi bù máṣọ. Mo mọ nọ́ńbà yẹn! Ó ti ń wá sínú log, ìwé àkọsílẹ̀ server mi, fún oṣù bíi mélòó kan. Àyè iye nínú database wa kò gbà ju 2,147,483,647 lọ, ó sì ń dá a padà. Èmi rò pé aláwàdà kan ló ń fi wá ṣeré. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé áàpù ń fi àwọn àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, nínú ìlà ìfiránṣẹ́ kan. Bí server bá kọ ọ̀kan, áàpù á dúró ti ìyẹn, á máa tún un fi ránṣẹ́, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì há. Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n wa ń pè ní "ẹ̀rọ tó sùn". Oògùn wọn ni kí wọ́n pa áàpù rẹ́ kí wọ́n sì tún un fi sí i. Mi ò béèrè iye iṣẹ́ tó ti bá a lọ.

Àbúrò wa ti wà nínú ètò ẹ̀rọ náà. Ó rí i pé a lè pa ìṣe bọ́tìnì ìtẹ̀wé yẹn, kí ẹ̀rọ máa fi barcode ránṣẹ́ sí áàpù gẹ́gẹ́ bí Intent, ìyẹn iṣẹ́ tí Android ń jẹ́ láti áàpù kan sí òmíràn. Nígbà náà, kọsọ kò já mọ́ nǹkan; áàpù mọ̀ pé barcode ló dé, yóò sì gbé e síbi tó yẹ. Ìlà kóòdù díẹ̀ ni nínú Kotlin. Nínú React Native tàbí Flutter, àfi kí a kọ afárá kan sí ẹ̀gbẹ́ Android kó lè dé ọ̀dọ̀ JavaScript tàbí Dart, Kotlin la ó sì fi kọ afárá náà.

Ìpinnu

Kí a tó dé ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Áàpù ilé ìkẹ́rùsí: Kotlin àti Jetpack Compose, irinṣẹ́ tí a fi ń ya ojú áàpù Android. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí áàpù kan dé orí fóònù oríṣi méjì ń wo àìsàn tí kò ṣe wá.

Áàpù oníbàárà ló fa ariwo. Lójú tèmi, Flutter ló yí àkójọ dáadáa jù nínú ìdánwò wa, mo sì sọ ọ́. Àmọ́ ẹni méjì tó máa kọ áàpù náà ń kọ React lójoojúmọ́, ìlànà àyẹ̀wò fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ fún wẹ́ẹ̀bù lè wọ inú React Native láìyí ìlà kan padà, ojú áàpù oníbàárà kò sì ní ohun tó le ju fọ́ọ̀mù àti àkójọ kúkúrú lọ. React Native tún ti kúrò níbi tí Airbnb fi í sí. Nígbà náà, afárá kan ló wà láàárín JavaScript àti fóònù, JSON, ọ̀nà kan tí a fi ń kọ dátà bí ọ̀rọ̀, ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Láti 0.76, ní oṣù Kẹwàá 2024, New Architecture tí kò lo afárá yẹn mọ́ ni áàpù tuntun ń bá bẹ̀rẹ̀. Mo gbà fún wọn.

Kotlin Multiplatform dùn mí láti fi sílẹ̀. Ìlà ìfiránṣẹ́ àti database orí fóònù ni ìbá dára láti pín, àmọ́ áàpù oníbàárà kò ní ìlà ìfiránṣẹ́ rárá. Kò sí ohun tí a fẹ́ pín.

Ọ̀gá wa ka ìwé náà tán, wọ́n ní, "Ọ̀nà kan ni mo bi yín." Mo fi àwòrán ẹ̀rọ ilé ìkẹ́rùsí hàn wọ́n. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá béèrè ìbéèrè tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀: "Bí àbúrò yín bá gba iṣẹ́ síbòmíràn, ta ló máa tọ́jú Kotlin?" A ò ní èsì lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí a mú padà wá ni pé kò sí ìlà Kotlin kan tó máa wọlé àfi bí ọ̀kan nínú àwọn oníwẹ́ẹ̀bù bá kà á tó sì fọwọ́ sí i. Oṣù àkọ́kọ́ nira fún un. Nísinsìnyí òun ló ń rí àṣìṣe àbúrò wa.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ ni fáìlì OpenAPI kan, tó sọ ohun tí server ń gbà àti ohun tó ń dá padà. Láti inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kọ ẹ̀gbẹ́ TypeScript àti ẹ̀gbẹ́ Kotlin fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni áàpù méjèèjì ti pàdé, ó sì tó.

Ìlà ìfiránṣẹ́ kì í dúró mọ́. Bí server bá kọ àkọsílẹ̀ kan nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀, áàpù á yọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi àmì pupa sí i, àwọn tó kù á kọjá. A fi CameraX, irinṣẹ́ kámẹ́rà ti Google, gbé kámẹ́rà sínú áàpù fúnra rẹ̀, kó má baà jáde lọ síbì kankan. Àkọsílẹ̀ inú SQLite ṣì wà níbẹ̀ bákan náà.

Áàpù oníbàárà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí Android. Apple dá tiwa padà nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀bi wa sì ni: láti oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n ti ní áàpù tí ènìyàn bá ti lè ṣí àkáǹtì nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lè pa á rẹ́ nínú rẹ̀. A ti jókòó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn mílísẹ́kọ́ńdì, kò sẹ́ni tó ka òfin náà dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi kọ ọ́, ìṣòro tó pọ̀ jù sì wà ní ẹ̀gbẹ́ server, lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ṣì ń lo Cordova ní ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn àkọsílẹ̀ tó há ṣì wà nínú wọn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n rẹ́ títí tí n ó fi yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Áàpù tuntun máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa bí barcode bá dé nígbà tí kọsọ wà nínú àpótí iye. Mo wo àkójọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí: ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá lánàá nìkan, àwọn nọ́ńbà mẹ́tàlá náà sì wọ àpótí barcode ní gbogbo ìgbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá.